Omi Ọbẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹran: Ohun Tí Ọbẹ̀ Adìyẹ Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe Lára Ìyá Ìkókó

Ọjọ́ kẹta tí àǹtí mi bímọ ni Màmá wa dé sí Ìgàndó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rì mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ ṣe máa ń rí lálẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá Màmá dúró. Adìyẹ ìbílẹ̀ méjì ló gbé dání, wọ́n ti di ẹsẹ̀ wọn. Ó tún ti yà lọ́jà Ìkọ̀tún, ó ra atalẹ̀, ataare, ẹ̀ẹ̀rù àti ata wẹ́wẹ́. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé, "Ìyá ìkókó gbọ́dọ̀ máa mu nǹkan gbígbóná. Inú rẹ̀ ti ṣófo."

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ́pẹ́súùpù adìyẹ ni, láàárọ̀, lálẹ́. Èmi ni mo ń gún ata.

Lọ́jọ́ kejì ìkómọ, àǹtí mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì kọ́ ọ, ó sáré di ògiri mú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀ jẹ́ 24. Ti obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yẹ kó tó nǹkan bíi 36. Màmá wo ìwé àyẹ̀wò náà, ó wo ìkòkò tó wà lórí iná, ó ní, "Gbogbo ọbẹ̀ tí mo ti ń sè láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Ibo ló ń gbà lọ?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Biochemistry ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mi ò sì rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kì í ṣe àwa nìkan

Bí ẹ bá máa ń wo fíìmù àwọn ará Kòríà, ẹ ti lè rí i rí: abọ́ dúdú kan tí ọbẹ̀ ṣì ń hó nínú rẹ̀, odindi adìyẹ kékeré kan sì jókòó sí àárín. Samgyetang lorúkọ rẹ̀. "Sam" ni ginseng, "gye" ni adìyẹ, "tang" ni ọbẹ̀. Wọ́n á ki ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́, ayù, gbòǹgbò ginseng àti èso jujube tó jọ dàbínù bọ inú ikùn adìyẹ náà, wọ́n á sì sè é títí ẹran á fi fẹ́ máa já kúrò lára egungun.

Ohun tó ṣeé ṣe kó yà yín lẹ́nu ni àsìkò tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe ìgbà òtútù. Ìgbà tí ooru mú jù lọ́dún ni, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, lọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní chobok, jungbok àti malbok. Wọ́n ní ooru ni wọ́n fi ń lé ooru. Wọ́n tún ní òógùn tó ti jáde lára ti kó agbára lọ, ọbẹ̀ náà ló máa dá a padà.

Ẹ wá fi wé ti Màmá. Tiwọn ní ginseng, tiwa ní atalẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀rù. Tiwọn ní ayù, tiwa ní àlùbọ́sà àti ataare. Èrò kan náà ló wà nídìí méjèèjì: ara tó ti rẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná tí adìyẹ wà nínú rẹ̀.

Ginseng fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Panax, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ohun tó ń wo gbogbo àrùn. Orúkọ ńlá! Wọ́n ti ṣe ìwádìí gan-an lórí àwọn èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ginsenoside, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń lé àárẹ̀ lọ lára èèyàn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó tún lè da iṣẹ́ warfarin rú, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kápúsù ginseng fún yín pé kí ẹ fi tọ́jú ìyá ọmọ, ẹ fi owó yín pamọ́.

Àmọ́ ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn, torí a máa padà sórí rẹ̀: nínú samgyetang, odindi adìyẹ kékeré ni wọ́n ń gbé ka iwájú ẹnì kan.

Kí ló wà nínú omi ọbẹ̀ náà?

Ẹ dán nǹkan kan wò nílé. Nígbà míì tí ẹ bá se adìyẹ ìbílẹ̀ tàbí old layer dáadáa, ẹ bu díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sí ife, ẹ gbé e sínú fíríìjì di àárọ̀, bí NEPA bá gbà. Kí ẹ tó jí, ó ti dì. Bí ẹ bá mi ife náà, á máa gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù. Gelatin ló mú un dì bẹ́ẹ̀.

Nínú awọ, ẹsẹ̀, egungun àti iṣan adìyẹ, protein kan wà tó ń jẹ́ collagen. Ó dà bí okùn mẹ́ta tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra, òun ló ń di ara mú kó má tú. Bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bíi 60 sí 70 dígírì Celsius, tí iná sì pẹ́ nídìí rẹ̀, okùn náà á tú, á yọ́ sínú omi. Collagen tó ti tú yìí la ń pè ní gelatin. Bí adìyẹ bá ṣe ń dàgbà sí i ni àwọn okùn collagen rẹ̀ ṣe ń so kọ́ra wọn sí i. Ìdí nìyẹn tí broiler ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi máa ń tètè rọ̀, tí adìyẹ ìbílẹ̀ sì máa ń jẹ gáàsì bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Torí náà, àwọn àgbà tó ń sọ pé omi adìyẹ ìbílẹ̀ máa ń ki ju ti agric lọ kò purọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ká máa rò pé omi tó ki ti ní gbogbo nǹkan tí ara fẹ́. Amino acid mẹ́sàn-án wà tí ara àgbàlagbà kò lè dá ṣe, àfi kó rí wọn nínú oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn, tryptophan, kò sí nínú gelatin rárá. Bí bíríkìlà tí kò ní sìmẹ́ǹtì ni: bó ti wù kí búlọ́ọ̀kù pọ̀ tó, ilé kò ní dúró.

Àwọn ará Faransé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí a tó bí baba ńlá wa. Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn kan ní Paris ń se egungun láti fa gelatin rẹ̀ yọ, wọ́n ń fi ṣe ọbẹ̀ fún àwọn tálákà àti àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Ó dùn mọ́ ìjọba nínú, torí owó egungun ò tó ti ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mu ún ń ráhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, François Magendie ló ṣíwájú rẹ̀. Ìròyìn wọn jáde ní 1841: ajá tí wọ́n ń fún ní gelatin nìkan kì í là á já. Wọn ò mọ ìdí rẹ̀ pátápátá nígbà yẹn. Ọdún 1901 ni Frederick Hopkins àti Sydney Cole tó ya tryptophan sọ́tọ̀ ní Cambridge, tí wọ́n sì wá rí ohun tó ṣaláìsí nínú gelatin.

Iye protein inú omi náà pàápàá kò pọ̀. Ife omi ọbẹ̀ kan sábà máa ń ní gíráàmù mélòó kan péré. Ẹran adìyẹ sísè tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 25 sí 30, tryptophan sì wà nínú rẹ̀.

Ata, oru àti òógùn

Ṣé mò ń sọ pé omi ọbẹ̀ kò wúlò ni? Rárá o. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, omi ni, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bímọ ti làágùn, ó ti ṣẹ̀jẹ̀, ó tún ń fún ọmọ lọ́yàn. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì ní mu lítà omi tútù kan tán nígbà tí ara kò yá, àmọ́ wọ́n á mu ọbẹ̀ tó ń ta sánsán.

Èkejì, ti ata. Capsaicin, èròjà tó ń ta ni lẹ́nu nínú ata, kò gbóná ní ti gidi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ TRPV1 lára àwọn iṣan tó ń mọ ìrora. Ilẹ̀kùn yìí kan náà ló máa ń ṣí bí nǹkan tó gbóná tó bíi 43 dígírì bá kan ara. Ọpọlọ á gbọ́ pé "iná ti dé," ni imú á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ni òógùn á bá bẹ̀rẹ̀. David Julius tó ṣàwárí ilẹ̀kùn náà wà lára àwọn méjì tó pín ẹ̀bùn Nobel ti 2021 nínú ìmọ̀ ìṣègùn, òun àti Ardem Patapoutian.

Ẹ̀kẹta, ti ọ̀fìnkìn. Ní 1978, àwọn dókítà kan ní Miami Beach fún èèyàn 15 tí ara wọn dá ní omi tútù, omi gbígbóná àti ọbẹ̀ adìyẹ gbígbóná, wọ́n sì wọn bí ikun ṣe ń yára rìn nínú imú wọn. Omi gbígbóná mú un yára, ọbẹ̀ adìyẹ náà mú un yára, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì wákàtí tó fi padà sí bó ṣe wà. Ní 2000, Stephen Rennard ní Nebraska fi ọbẹ̀ adìyẹ ìdílé ìyàwó rẹ̀ ṣe ìwádìí nínú ilé àyẹ̀wò, ó sì rí i pé ó ń dín ìrìn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń fa wíwú kù. Ìyẹn dára, àmọ́ inú ike àyẹ̀wò ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú èèyàn. Ọbẹ̀ lè tu aláìsàn lára. Kò lè pa kòkòrò ibà tàbí ti taifọ́ọ̀dù.

Ooru tí wọ́n fi ń lé ooru ńkọ́? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2012, Ollie Jay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ottawa fún àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní omi tútù àti omi gbígbóná. Èyí tó gbóná mú kí wọ́n làágùn sí i débi pé ooru tó kù nínú ara wọn kéré ju ti àwọn tó mu tútù lọ. Ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe rí o: òógùn náà gbọ́dọ̀ gbẹ kúrò lára. Gbígbẹ rẹ̀ ló ń gbé ooru lọ, kì í ṣe kíkán rẹ̀. Ní Ìgàndó, lóṣù kẹfà, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí iná ti lọ, tí fáànù dúró, tí wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa nítorí kí atẹ́gùn má baà wọ ìyá ọmọ lára, òógùn kì í gbẹ. Ṣe ló máa ń kán. Ẹ ṣí fèrèsé fún un, ẹ jọ̀ọ́.

Ibo ni ẹran náà lọ?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè Màmá. Nígbà tí mo jókòó tí mo ronú nípa adìyẹ méjèèjì, mo wá ń ka ẹran wọn. Iwe, ti bàbá ọmọ ni, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nílé wa. Itan lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tó wá kí wa kú ewu ọmọ. Igẹ̀ lọ sínú abọ́ àwọn àlejò ìkómọ. Ìyẹ́ ni ti àwọn ọmọdé. Àǹtí mi mu omi ọbẹ̀, ó sì jẹ ọrùn àti ẹsẹ̀, torí wọ́n ní ẹran líle kò dáa fún inú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọrùn àti ẹsẹ̀! Awọ, eegun àti iṣan. Collagen náà la tún gbé fún un. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ pa adìyẹ ni kò jẹ adìyẹ.

Ẹ rántí abọ́ samgyetang yẹn. Bóyá ginseng kọ́ ni àṣírí rẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó rẹ̀ ni wọ́n gbé odindi ẹran fún, pẹ̀lú ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: ká ní àǹtí mi jẹ gbogbo ẹran náà, kò ní tó láti dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin tó pàdánù ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ nígbà ìbímọ ti pàdánù nǹkan bíi mílígíráàmù 200 irin, torí irin ló wà láàárín hemoglobin tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen kiri ara. Ẹran adìyẹ gíráàmù 100 ní bíi mílígíráàmù irin kan, ara kò sì ní gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ sàn jù, ó máa ń tó mílígíráàmù 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gíráàmù 100. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ adìyẹ kan mélòó ni? Omi ọbẹ̀ ní tiẹ̀ kò ní irin tó ṣeé kà.

Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi dábàá pé níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn aboyún, kí ìyá máa lo oògùn irin fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Àǹtí mi ní tiẹ̀ nínú báàgì. Ó ti pa á tì, torí ó ń rùn sí i, àti torí gbogbo wa gbà pé ọbẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ rọra pẹ̀lú iyọ̀

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí a wò. Ní Zaria, láàárín àwọn Hausa, àṣà wà pé kí ìyá ọmọ máa mu kunu tí wọ́n fi kanwa sè fún bíi 40 ọjọ́, kó máa fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀, kó sì máa sùn lórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dáná sí lábẹ́. Láwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Zaria, Davidson àti Parry wà lára wọn, kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ọmọ ń wá sí ọsibítù pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti ọkàn tó ti rẹ̀. Wọ́n fura sí sodium inú kanwa àti ooru náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye ẹ̀bi tó yẹ kí a dì ru kanwa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò le: oúnjẹ ìtọ́jú náà lè pọ̀ jù.

Tiwa kì í ṣe kanwa, mágí ni. Iyọ̀ ni èròjà tó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tó kún déédéé, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà lápapọ̀. Màmá máa ń fi mágí mẹ́rin sí ìkòkò kan, ó tún máa ń wọ́n iyọ̀ lé e. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Irú díẹ̀, efinrin, ayù àti àlùbọ́sà lè mú kí ọbẹ̀ dùn kí mágí tó dé.

Ti omi ọyàn ńkọ́? Màmá gbà pé ọbẹ̀ gbígbóná ló ń fà á wá. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ jẹun kó sì mu omi dáadáa, òótọ́ ni. Àmọ́ bí ọmọ bá ṣe ń fa ọyàn tó ni ọpọlọ ìyá ṣe ń tú prolactin tó ń mú kí omi ọyàn pọ̀ àti oxytocin tó ń tì í jáde. Ọbẹ̀ kọ́ ló ń pe omi ọyàn wá, ẹnu ọmọ ni.

Bí a ṣe wá ń sè é báyìí

Mi ò bá Màmá jà. Ta ló fẹ́ kú? Mo kàn sọ fún un pé, "Màmá, ọbẹ̀ yín dáa. Ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí ó jẹ ẹran inú rẹ̀ náà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé eyín rẹ̀ ni mo gbà ni? Ẹ sè é kó rọ̀."

A sè é kó rọ̀. Itan kan di ti àǹtí mi, àlejò wá, àlejò ò wá. Ẹ̀dọ̀ di tirẹ̀, iwe nìkan ló ṣì jẹ́ ti bàbá ọmọ. Bí ẹni tó ń ka èyí bá jẹ́ aboyún, kó má sọ ẹ̀dọ̀ di oúnjẹ ojoojúmọ́, torí fítámì A inú rẹ̀ lè pọ̀ jù fún ọmọ inú. Ti ẹni tó ti bímọ ni mò ń sọ. A fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀. Ó ń lo oògùn irin lójoojúmọ́, ó ń fi ọsàn tẹ̀ lé e, torí fítámì C máa ń jẹ́ kí ara gba irin sí i. Tíì ò gbọdọ̀ sún mọ́ àsìkò oògùn náà, torí ó máa ń di irin lọ́wọ́. Màmá dín mágí kù sí ẹyọ kan. Wọ́n ráhùn, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù.

Bí ìyá ọmọ kan bá wà nílé yín báyìí, àwọn nǹkan kan wà tí ọbẹ̀ ò lè dúró fún: ẹ̀jẹ̀ tó ń da tí páàdì ò lè gbà mọ́, ibà, orí fífọ́ líle, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ tó ń wú pẹ̀lú mímí tó ń le. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ gbé ìkòkò kaná ná. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, PCV àǹtí mi ti di 33. Oògùn irin ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹran ràn án lọ́wọ́. Màmá ní ọbẹ̀ òun ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo sì lọ gún ata.